Kókò Tí Fámúrewá Fà Tu

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wá ilé kiri láti Adó dé Ìkẹ́rẹ́, ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ a kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Fámúrewá. Ẹbí ta ló ni ilẹ̀ yìí? Ṣé olórí ẹbí ti fọwọ́ sí i? Ṣé yàrá mẹ́fà ni kí n kọ́, àbí mẹ́wàá? Fámúrewá a dá wọn lóhùn, a sì fi ọ̀rọ̀ kan kádìí rẹ̀: "Má ra ilẹ̀ tí o kò tíì rí lójú òjò."

Kò pẹ́ tí Lawrence, olùkọ́ kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, fi kọ́ ilé méjì fún àwọn ayálégbé. Ẹ̀gbọ́n ló ń pe Fámúrewá, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú ilé Fámúrewá kọjá lọ bi Lawrence léèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Ìlara wọ Fámúrewá lára. "Ọmọ àná tí mo kọ́ ní bí a ṣe ń wọn ilẹ̀!" Ó ń kọrin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, inú rẹ̀ ń ta bí ẹni fi ata sí i. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀.

Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́, Lawrence wá bá a. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ kan fún mi nísàlẹ̀ òkè Olósùnta. Mi ò tíì dé ibẹ̀, mi ò sì lè dúró de òjò, ẹlòmíràn ti ń wò ó. Kí lẹ rí sí i?"

Láti kékeré ni Fámúrewá ti mọ ilẹ̀ náà. Gbogbo omi tó ń ṣàn látorí àpáta, ibẹ̀ ló ń gbà. Ìdí nìyẹn tí kókò fi ń hù níbẹ̀ láìsí ẹni tó gbìn ín. Ó ní kí Lawrence jẹ́ kí òun lọ wò ó ná. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú ọkọ́, ó fa gbogbo kókò ibẹ̀ tu, ó kó wọn dànù, kí Lawrence má baà mọ̀ pé ojú omi ni.

"Ilẹ̀ gidi ni," ó sọ fún Lawrence. "Rà á."

Lawrence rà á. Ó kọ́ yàrá mẹ́jọ síbẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ti ń to búlọ́ọ̀kù, bẹ́ẹ̀ ni inú Fámúrewá ń dùn.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ rẹ̀, Bísọ́lá, tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ wá sí Ìkẹ́rẹ́, wọlé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. "Bàbá mi, a ti rí ulé o! Ulé tuntun Ọ̀gá Lawrence ni, nísàlẹ̀ òkè. Yàrá tó dára jù ló fún wa, nítorí yín."

Fámúrewá kí i kú oríire. Bí ó bá ní kí wọ́n má gbé ibẹ̀, wọn yóò bi í pé kí ló dé. Ẹ wo ohun tí ìlara ń sọ ènìyàn dà! Bàbá fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lójú àgbàrá, kí ojú má baà ti òun.

Nínú oṣù kẹrin, òjò ṣú lórí Olósùnta. Fámúrewá ń jẹun lọ́wọ́. Ó fi iyán sílẹ̀, ó sáré bọ́ sínú òjò láìwọ bàtà.

Kí ó tó dé ibẹ̀, àgbàrá ti wó ògiri ẹ̀yìn. Lawrence dúró nínú omi tó mù ún dé ìbàdí, ó gbá ọmọ-ọmọ Fámúrewá mọ́ àyà, Bísọ́lá di ẹ̀wù rẹ̀ mú. Ọlọ́run ṣàánú, kò sẹ́ni tó kú.

Nígbà tí wọ́n jáde kúrò nínú omi, Fámúrewá dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ fún ẹni tó jẹ́ àbúrò rẹ̀. "Lawrence, mo mọ̀. Kókò wà níbẹ̀. Èmi ni mo fà á tu."

Lawrence gbé ọmọ náà fún Bísọ́lá. "Àná ni mo rí i tó ń hù padà lábẹ́ fèrèsé," ó ní. "Mo rántí pé ẹ̀yin lẹ lọ wò ó, inú sì bí mi gan-an, ẹ̀gbọ́n. Kókò yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé omi ń gba ibẹ̀, ni mo fi sáré wá nígbà tí òjò ṣú."

"Kí lo wá fẹ́ fi mí ṣe?"

"Ohun tí Jésù fi èmi náà ṣe. Mo dárí jì yín. Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ lẹ ṣẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún Un."

Ọkùnrin tó ti ń gbé ìwé orin lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ogójì ọdún kò rí àdúrà gígùn gbà. "Olúwa, ìlara mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ mi. Gbà mí." Níbẹ̀, nínú ẹrẹ̀, ẹrù ọkàn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá wá bi í nípa ilẹ̀, a dá a lóhùn, a sì fi kún un pé, "Ẹ yà sọ́dọ̀ Lawrence. Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ."

Ìwọ tí o mú ìwé yìí lọ́wọ́, ta ni o ń ṣe ìlara rẹ̀? Kí ni o ti fà tu, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i? Gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀. Ọkọ́ rẹ kò lè dé ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ Jésù lè dé ibẹ̀. Má ṣe sọ pé ó di ọjọ́ mìíràn. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o sì jẹ́wọ́ fún Un lónìí. Òjò ti ń ṣú.