Ìbàdí Ni Kó Gbé Àpò Náà, Kì Í Ṣe Èjìká

Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ télọ̀, kó kọ́kọ́ wá bi mí léèrè. Nílé wa, a kì í ra ohunkóhun tí wọ́n bá fi aṣọ ṣe. Kọ́tìnì, ìrọ̀rí, ìbòrí àga, títí dórí àpò tí mo fi ń gbé oúnjẹ lọ síbi iṣẹ́, ìyàwó mi ló rán gbogbo rẹ̀. Bí o bá dáràn, tí o ra nǹkan bọ̀, á yí inú rẹ̀ síta, á wo ojú rírán rẹ̀, á sì pòṣé.

Nítorí náà, nígbà tí àkọ́bí wa obìnrin sọ pé òun àti àwọn mẹ́ta níbi iṣẹ́ òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn gba orí òkè fún ọjọ́ mẹ́jọ, tí wọn á máa sùn láti abúlé dé abúlé, ìyá rẹ̀ ò bi í pé kí ló sọnù sórí òkè. Èmi ni mo bi í. Ìyá rẹ̀ fa téèpù yọ lọ́rùn, ó ní, "Kọ ẹ̀yìn síbí, kí n wọ̀n ọ́, màá rán àpò tí o máa gbé."

Àwòrán ilé lọmọ yìí ń yà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fi ń jẹun. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi tọrọ ìsinmi yìí lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kó tó rí i gbà. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbéra.

Àpò jáde lórí ẹ̀rọ. Mi ò ní purọ́, ó wuyì. Kànfáàsì aláwọ̀ ewé, ojú rírán rẹ̀ gún bí ẹni pé rúlà ni wọ́n fi fà á. Àmọ́ ó tóbi! Bí ọmọ náà bá gbé e kọ́, tí o bá wà lẹ́yìn rẹ̀, gìgísẹ̀ nìkan lo máa rí.

"Mọ́mì, ṣé kò ti tóbi jù báyìí?"

"Mo fi àyè sílẹ̀ ni."

"Àyè kí ni? Mo ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, mi ò tún ga mọ́ o."

"Ẹrù lè pọ̀ sí i," ni ìyá rẹ̀ fèsì.

Mo rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni mo bá wọn dì í. Ọmọ kó ẹrù tirẹ̀ sínú rẹ̀, àyè kù. Mo ní kí ni àyè òfìfo ń ṣe níbẹ̀, mo ju bàtà kejì sí i. Ìyá rẹ̀ ki bùláńkẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́. Mo fi ìkòkò kékeré sí i, mo fi tọ́ọ̀ṣì ńlá lé e. Nígbà tí a parí, èmi tí mo ti fi ọdún méjìlélógún gbé ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e, mo sì mí kanlẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọmọ ní kí òun gbé e rìn wò. Ó rìn yí àdúgbò ká fún wákàtí méjì. Nígbà tó wọlé, ó sọ àpò kalẹ̀, ó na ọwọ́ mú ife omi, ni ife bá yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́ yángá.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n lára," ó ní, ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. "Àwọn ìka yìí ti kú."

Ó mú pẹ́ńsù, ó ní kí òun fa ìlà kan ṣoṣo. Ìlà náà wọ́ bíi tọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ̀rù bà mí dé inú eegun. Ìyá rẹ̀ ń fi òróró ra á lọ́wọ́, ó ń sọ pé ara tí ò mọ ẹrù rí ló ń ṣe é, pé bó bá yá á mọ́ ọn lára.

Ìgbà tí ìyá rẹ̀ wọ yàrá ni ọmọ rọra sọ fún mi pé, "Dádì, bí mo bá ní mi ò gbé e mọ́, inú Mọ́mì máa bàjẹ́. Bí mo bá sì gbé e lọ..." Ó tún wo àwọn ìka rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìka ti ń jí díẹ̀díẹ̀, àmọ́ mi ò gbà. Mo kó àwọn méjèèjì, àti àpò, lọ sí ilé ìwòsàn. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú eegun àti iṣan. Ẹ-Nà-Án ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn: "Ẹ na apá yẹn. Ẹ nà án, ẹ nà án dáadáa."

Ẹ-Nà-Án yẹ apá ọmọ wò, ó yẹ ọrùn wò. Lẹ́yìn náà ló ní kó gbé àpò kọ́. Ó fẹ́ ti ìka kan bọ abẹ́ okùn èjìká, ìka ò wọlé.

"Àwọn iṣan tó ń lọ sí ọwọ́, abẹ́ ibí ni wọ́n gbà," ó ní. "Gbogbo ẹrù yìí sì jókòó lé wọn. Wákàtí méjì péré nìyí o. Bó bá di ọjọ́ mẹ́jọ ńkọ́? Mo ti tọ́jú ọkùnrin kan tí kò lè gbé apá sókè fún oṣù mẹ́ta."

Ojú ìyàwó mi le. "Àpò ẹ̀yìn ni. Ibo lẹ fẹ́ kó gbé e sí? Orí?"

"Orúkọ yẹn gan-an ló ń tàn wá jẹ, Màmá. Ẹ jẹ́ n bi yín: nígbà tí ẹ ń pọn ọmọ yìí, ṣé èjìká lẹ fi ń pọ̀n ọ́n?"

"Háà! Ta ló ń fi èjìká pọnmọ?"

"Ibo ló ń jókòó lé?"

Kí ìyàwó mi tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ síbi ìbàdí ara rẹ̀.

"Ibí yìí," ó ní. "Ibí yìí ló ń gbé e. Èyí tí a ń dì lókè, kó má bàa ṣubú sẹ́yìn ni."

"Ẹ ti dá ara yín lóhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpò àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìnrìn àjò. Ìgbànú rẹ̀ ló ń gbé e, okùn èjìká kàn ń dì í mú ni."

Ó gbé àpò kan jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tirẹ̀ ni, ó ti gbó díẹ̀. Ìgbànú rẹ̀ fẹ̀, tìmùtìmù wà nínú rẹ̀. Ó dì í mọ́ ọmọ wa lókè egungun ìbàdí. Ó wá tọrọ téèpù lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó wọn ẹ̀yìn ọmọ náà láti egungun tó yọ sókè lẹ́yìn ọrùn títí dé ibi tó bá orí egungun ìbàdí dọ́gba.

"Ìwọ̀n ẹ̀yìn nìyí, òun la fi ń ra àpò. Èèyàn lè ga kí ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú. Ní ti bó ṣe yẹ kó tóbi tó, ẹ̀yin tí ẹ máa sùn nínú ilé lálaalẹ́, àpò lítà ogójì ti tó yín."

"Lítà kẹ̀?" mo ní. "Ṣé epo la fẹ́ rọ sí i ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bí wọ́n ṣe ń wọn inú rẹ̀ nìyẹn, Bàbá. Èyí tí ẹ gbé wá yìí á tó ọgọ́rin. Bí àyè bá sì ti wà, ọwọ́ á máa yúnni láti fi nǹkan kún un."

Mo wo ilẹ̀. Ó gbé àpò wa sórí ìwọ̀n: kílò mọ́kàndínlógún. Ọmọ fúnra rẹ̀ ò ju kílò méjìdínlọ́gọ́ta lọ. "Kí ẹrù má ju ìdá kan nínú márùn-ún ara rẹ lọ," Ẹ-Nà-Án sọ fún un. "Kílò mọ́kànlá, ó parí."

"Ẹ jẹ́ kí n rán ìgbànú mọ́ tèmi," ni ìyàwó mi wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Kò ní ṣiṣẹ́, Màmá. Irin tàbí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń wà lẹ́yìn àpò, òun ló ń gbé ìwúwo lọ bá ìgbànú. Láìsí i, ọ̀ṣọ́ lásán ni ìgbànú máa jẹ́."

Nígbà tí a délé, ìyàwó mi jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. "Mo kàn fẹ́ kí ohun tí mo fi ọwọ́ mi ṣe bá ọ lọ ni," ó sọ fún ọmọ náà.

"Mo mọ̀, Mọ́mì." Ọmọ fara tì í. Omi lé ròrò sí mi lójú, mo bá wá nǹkan ṣe níta.

Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àpò. Ọmọbìnrin tó ń tajà gbé èyí tó ní táyà wá, ìyàwó mi bi í bóyá ó ti rí táyà tó ń gun òkúta rí. Ó gbé òmíràn wá, ó ní òun ló wà lóde.

"Ìbàdí ọmọ mi ò mọ ohun tó wà lóde. Ẹ kó ẹrù sí i, ká gbé e wò."

Wọ́n kó kílò mọ́kànlá sínú èyí tó bá ẹ̀yìn rẹ̀ mu, ọmọ gbé e kọ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù fún ogún ìṣẹ́jú. Ìka ò kú, wọ́n bá rà á.

Lówùúrọ̀ Sátidé, ìyá rẹ̀ dì í nígbànú fúnra rẹ̀, ó fà á le, ó tún fà á. Ọmọ rìn dé ìkóríta, ó yíjú padà, ó gbé apá méjèèjì sókè gan-an, ó ń jù wọ́n sí wa.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rìn bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ wọn ẹ̀yìn yín, kì í ṣe gíga yín. Ẹ wá èyí tí ìgbànú rẹ̀ fẹ̀, tó ní ohun líle lẹ́yìn. Ẹ má ra èyí tó ju ẹrù yín lọ, ẹ sì má gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láì kó ẹrù sí i kí ẹ sì gbé e rìn wò. Bí ìka yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́nà, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kódà kó jẹ́ ìyá yín ló rán an.