Má Fi Àìsàn Fẹ́rẹ́tì Rẹ Pamọ́ fún Oníǹṣúránsì

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Ìbíyẹmí jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ ní Thames View, ládùúgbò Barking nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń wo ẹranko tó ń sùn nínú fìlà òtútù ọmọ rẹ̀. Ẹranko ọ̀hún gùn tẹẹrẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, imú rẹ̀ ṣóńṣó. Fẹ́rẹ́tì ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ tí Moṣọpẹ́ ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé e wálé, Ìbíyẹmí ní eku ni, kó gbé e jáde kíá. Ní báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Tanímọ̀la, bí ẹni ń sọ ajá lórúkọ. Tó bá tibi iṣẹ́ dé, Tanímọ̀la ló kọ́kọ́ ń kí, kó tó kí ọmọ tó bí.

"Mọ́mì, ó yẹ ká ra ìnṣúránsì fún un," ni Moṣọpẹ́ wí.

"Ìnṣúránsì fún ẹran? Ṣé ọsibítù ìjọba ò gba irú wọn ni?"

Kíkẹ́lọmọ, aládùúgbò wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn ẹranko, wà níjòkòó. Ó rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì Moṣọpẹ́, èèyàn nìkan ni tìjọba wà fún. Ẹni tó ni ẹran ló ń san gbogbo owó ìtọ́jú ẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá di iṣẹ́ abẹ, tí agbára ò ká a, àwọn míì máa ń ní ká kúkú fún ẹran náà lábẹ́rẹ́, kó sùn, kó má jí mọ́. Ẹkún ni wọ́n ń sun jáde."

Ọ̀rọ̀ yẹn ká Ìbíyẹmí lára. Ó gbé Tanímọ̀la lé itan. Ó wá ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ṣé gbogbo iléeṣẹ́ ló ń gba fẹ́rẹ́tì?

"Rárá, ajá àti ológbò ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà. Ẹ wá èyí tó dárúkọ fẹ́rẹ́tì. Ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà, ohun tẹ́yin máa kọ́kọ́ san kí wọ́n tó fi tiwọn kún un, àti bóyá wọ́n á ṣì tọ́jú àìsàn kan náà tí ọdún bá yí."

Moṣọpẹ́ rí iléeṣẹ́ kan lórí fóònù, ìyá rẹ̀ sì pè wọ́n níbẹ̀ gan-an. Obìnrin kan dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó béèrè èyí, ó béèrè tọ̀hún, ó wá ní, "Ṣé ó ti ṣàìsàn rí?"

"Rárá o. Ara ẹ̀ le koko, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run."

Moṣọpẹ́ yí ojú sí ìyá rẹ̀. Irun ìrù Tanímọ̀la re lọ́dún tó kọjá, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà níbi iṣẹ́ Kíkẹ́lọmọ. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: irọ́ kọ́ ni Ìbíyẹmí jókòó pa. Ọmọ Aládùúrà ni. Kí ibà máa gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, tẹ́ ẹ bá bi í pé ara ńkọ́, "Ara le" lẹ máa gbọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti kékeré nìyẹn.

"Ẹ má tíì gbé fóònù yẹn sílẹ̀," Kíkẹ́lọmọ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ tún ìdáhùn yẹn ṣe."

Ìbíyẹmí fi ọwọ́ bo fóònù. "Kí n wá fẹnu ara mi pe àìsàn lé e lórí? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

"Ẹ ò pe nǹkan kan lé e lórí, Mọ́mì. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lẹ fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n wá sanwó, wọ́n á ní kí dókítà fi ìtàn ìlera ẹ̀ ránṣẹ́. Tó bá tako ohun tẹ́ ẹ sọ, wọ́n lè kọ̀ láti san, kódà kó jẹ́ ẹsẹ̀ ló ṣẹ́."

"Tí mo bá wá sọ ọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n lè ní àwọn ò ní sanwó lórí àìsàn irun yẹn. Ìyókù á ṣì wà níbẹ̀."

Kò dùn mọ́ Ìbíyẹmí nínú rárá. Ó mí kanlẹ̀, ó ṣí ọwọ́ kúrò lórí fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣìsọ. Irun ìrù ẹ̀ re lọ́dún tó kọjá, a gbé e rí dókítà." Ẹnu rẹ̀ ò gbà kó dúró síbẹ̀: "Ó sì ti sàn, lórúkọ Jésù."

Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Kíkẹ́lọmọ ṣe wí gan-an ló sọ. Ó tún ní àwọn ọ̀sẹ̀ mélòó kan gbọ́dọ̀ kọjá kí ìnṣúránsì náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lórí àìsàn.

Nígbà tí òtútù dé, tí àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn ti kọjá, Tanímọ̀la gé rọ́bà jẹ lára ẹ̀rọ tí Moṣọpẹ́ fi ń gbọ́ orin, ó sì gbé e mì. Rọ́bà dí ìfun. Dókítà ní ọjọ́ yẹn gan-an làwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò kú. Ìbíyẹmí ní kí wọ́n ṣe é.

Iléeṣẹ́ ìnṣúránsì béèrè ìtàn ìlera Tanímọ̀la lóòótọ́. Irun ìrù wà nínú ẹ̀. Ó bá ohun tí Ìbíyẹmí sọ mu, wọ́n sì sanwó. Ẹran náà ti padà sílé, ó ń jí ìbọ̀sẹ̀ wọn kó.

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ń sin ẹran ní Barking àti Dagenham, ẹ ra ìnṣúránsì nígbà tára ẹran yín ṣì le. Ẹ rí i pé wọ́n dárúkọ irú ẹran yín níbẹ̀, ẹ sì béèrè ohun tí wọn ò ní san kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ gbàdúrà fún un bó bá wù yín. Àmọ́ tí wọ́n bá bi yín pé ṣé ó ti ṣàìsàn rí, ẹ sọ bó ṣe rí.