Ife Nana Atta

Madam Quansah, olùkọ́ wa, ki ọ̀bẹ bọ búrẹ́dì náà, ọ̀bẹ kò wọlé. Wọ́n gbé búrẹ́dì náà sọ sórí tábìlì, ó ró gbàgà. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Kobina, ọmọ kíláàsì wa, ní, "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, bàbá mi fẹ́ kọ́lé."

Èmi, Ekua, ni mo kọ iye èròjà búrẹ́dì náà sílẹ̀. Búrẹ́dì àgbọn ìyá ìyá mi, Nana Atta, ni a fẹ́ ṣe. Ife kan tí etí rẹ̀ ti ṣẹ́ ni Nana fi ń wọn gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n gíráàmù ni ilé-ẹ̀kọ́ wa ń lò. Madam ní kí n gbé òṣùwọ̀n ilé-ẹ̀kọ́, tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe wúwo tó, lọ bá Nana, ká jọ yí ife sí gíráàmù. Tó bá yọrí sí rere, Nana yóò wá kọ́ wa fúnra wọn lọ́jọ́ Ẹtì.

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ru òṣùwọ̀n la ọjà ìlú wa, Saltpond, kọjá, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́? Mo kàn bi Nana ní iye ife. Mo mọ̀ pé omi ife kan jẹ́ àádọ́talénígba gíráàmù, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún fúláwà náà.

Madam bi mí pé, "Ekua, báwo lo ṣe wọn èyí?"

Ẹ̀rín wọn ṣì ń hó létí mi. Mo dáhùn pé, "Bí Nana ṣe sọ ọ́ ni mo kọ ọ́, Madam."

Madam mí kanlẹ̀. "Àgbà ti dé sí ìyá. Ká jẹ́ kí wọ́n sinmi lọ́jọ́ Ẹtì."

Nírọ̀lẹ́, Madam wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún Nana. Nana dúpẹ́. Wọ́n ká aṣọ tí wọ́n ti yọ sílẹ̀ de ọjọ́ Ẹtì, wọ́n dá a padà sínú àpótí.

"Ekua, ife fúláwà mélòó ni mo sọ fún ẹ?"

"Mẹ́jọ, Nana."

"Mẹ́jọ náà ni mo mọ̀. Àbí mo ṣì í sọ? Orí mi ti fẹ́ máa dàrú o."

Lọ́jọ́ kejì, Nana wọn fúláwà, wọ́n dà á padà, wọ́n tún un wọ̀n. Wọn ò dáná. Àwọn oníbàárà tó ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ wọn dé, wọ́n padà lọ́wọ́ òfo. Ojú tì mí gan-an.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo jẹ́wọ́ fún Madam. Mo ru òṣùwọ̀n, mo gba àárín ọjà, Madam ń bọ̀ lẹ́yìn. Kobina pariwo pé, "Ekua olóṣùwọ̀n!" N kò dá a lóhùn.

Nílé, mo wọn omi ife kan lójú Nana, lẹ́yìn náà mo wọn fúláwà. Ìdajì omi ni fúláwà wúwo mọ.

Mo kúnlẹ̀. "Nana, ẹ ò ṣì í sọ. Èmi ni mo ṣì í kọ, tí mo sì purọ́ mọ́ yín."

Nana ní, "Fúláwà tó bàjẹ́, òmíràn wà lọ́jà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń bẹ̀rù orí ara mi, Ekua, o sì ń wò mí."

Ẹkún ni mo ń sun.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Bí ẹ bá sì ti ṣìnà, ẹ sọ pé ẹ̀yin ni, ẹ má dì í ru ẹlòmíràn. Nana ti dárí jì mí, wọ́n sì ti padà sídìí búrẹ́dì wọn. Ṣùgbọ́n títí dòní, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ka ife.