Omi Inú Ike Qudrah

Sàúdátù, tó ń gbálẹ̀ nílé-ìwé kan ní Ìbafò, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ó ní ó ṣojú òun, títí di òní, inú òun kò dùn sí i.

Àǹtí Ìbíwùnmí ló ń kọ́ kíláàsì karùn-ún ní sáyẹ́ǹsì. Kì í kọ ọ́ sójú pátákó kí àwọn ọmọ kàn máa dà á kọ. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń ṣe é. Lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n gé ìdí ike omi, wọ́n dojú rẹ̀ kodò, wọ́n fi òwú dí ọrùn rẹ̀, wọ́n wá da èédú gígún, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ lé e lórí. Omi kànga tó pọ́n bí irin tó dógùn-ún ni wọ́n ń dà gba inú rẹ̀ sínú ife.

"Ẹ gbọ́ o," ni Àǹtí wí. "Bó ti wù kó mọ́ tó, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu ún. Kòkòrò tó ń fa àìsàn kéré ju ohun tójú lè rí lọ. Ohun tẹ́ ẹ bá rí náà ni kẹ́ ẹ sọ. Tó bá pọ́n, ẹ ní ó pọ́n."

Alhájì tó ni ilé-ìwé kò fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí. Ó ní eré ìdọ̀tí ni. Ó ní kí wọ́n ṣe é lójú àwọn òbí lọ́jọ́ Ẹtì. Bó bá dára, ọmọ tí omi rẹ̀ mọ́ jù á ṣojú ilé-ìwé níbi ìdíje sáyẹ́ǹsì ní Abẹ́òkúta. Bí kò bá dára, kí Àǹtí wáṣẹ́ síbòmíràn.

Ó wu Qudrah, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì náà, gan-an láti lọ. Ṣùgbọ́n kò fọ yanrìn tirẹ̀ bí àwọn yòókù ti ṣe, omi rẹ̀ sì ń pọ́n ṣáá.

Mùízz tí wọ́n jọ jókòó bú sẹ́rìn-ín. "Qudrah, omi nìyí àbí tíì? Ṣé kí n lọ ra búrẹ́dì wá?"

"Pa ẹnu ẹ dé, olórí ńlá!"

Nílé wọn, bíi ti ọ̀pọ̀ ará àdúgbò, álọ́ọ̀mù ni wọ́n máa ń jù sínú dúrọ́ọ̀mù kí ìdọ̀tí omi kànga lè rì sísàlẹ̀, kí wọ́n tó fi fọṣọ. Qudrah rọra bu èyí tó tòrò lókè sínú ìgò, ó fi í pamọ́ sínú báàgì. Lọ́jọ́ Ẹtì, bí Àǹtí ṣe kọjú sí àwọn òbí, ó da omi pípọ́n inú ife rẹ̀ nù, ó sì da ti inú ìgò sí i.

Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Alhájì pàápàá rẹ́rìn-ín.

"Tó bá mọ́ lóòótọ́, mu ún ká rí i," ni Mùízz sọ sí i létí.

Zubair, àbúrò Qudrah tó wà ní kíláàsì kejì, tó dúró tì wọ́n, ló gba ife náà. "Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é!" Qudrah lè di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀. Kò di ọwọ́ náà mú. Kí Àǹtí tó sáré débẹ̀, ọmọ ti mu ún tán.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Zubair ti ń bì, ó ń yàgbẹ́. Ọsibítù ni wọ́n gbé e lọ, díẹ̀ ló kù kó kú.

Lọ́jọ́ Ajé, Láwàl bàbá wọn ya wọ kíláàsì karùn-ún. "Ẹ fẹ́ fi sáyẹ́ǹsì pa mí lọ́mọ!"

Alhájì pe Qudrah. "Ṣé Àǹtí yín ló ní kẹ́ ẹ máa mu ún?"

Qudrah wo ojú bàbá rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Irọ́ ni, sà!" Mùízz fò dìde. "Àǹtí ní ká má—"

"Jókòó síbẹ̀!" ni Alhájì jágbe mọ́ ọn.

Àǹtí gbé ike Qudrah sókè. "Òwú ẹ pọ́n, omi ẹ ò pọ́n. Kí lo fi sí i?" Àǹtí gbé ike náà sílẹ̀. "Ká ní omi pípọ́n yẹn lo gbé wá ni, à bá wádìí ohun tó fà á. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín gan-an nìyẹn."

"Kó ẹrù ẹ," ni Alhájì wí fún Àǹtí.

Láti ọjọ́ yẹn, ojú pátákó ni wọ́n ti ń da sáyẹ́ǹsì kọ. Kò sẹ́ni tó lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, Qudrah kò gbèrò láti ba ayé ẹnikẹ́ni jẹ́. Ojú ló ń tì í nítorí omi tó pọ́n. Ó purọ́ kan, ó sì ní láti pa òmíràn kí ti àkọ́kọ́ má bàa tú. Ẹlòmíràn ló jìyà rẹ̀. Ẹ sọ òótọ́ nígbà tó ṣì kéré, nígbà tí ìtìjú díẹ̀ nìkan ló lè mú wá.

Sàúdátù ní lọ́jọ́ Ajé yẹn, Qudrah sáré dé ẹnu géètì, ó kúnlẹ̀ sínú eruku. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́! Màá sọ òótọ́ fún wọn!"

Àǹtí Ìbíwùnmí ti gun ọ̀kadà. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ní kí ọlọ́kadà máa lọ. Wọ́n kọrí sí ọ̀nà Mowé. Kò bojú wẹ̀yìn.