Ìkúnlẹ̀ Méjì tí Ṣìkẹ́mi Kúnlẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi, bóyá ẹnìkan fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, bóyá o sì bá a lórí ìjókòó nínú ọkọ̀ ojú irin bí o ṣe ń lọ síbi iṣẹ́ ní Downtown. Má tíì sọ ọ́ nù. Kì í ṣe ìtàn ọ̀mùtí, kì í sì í ṣe ti olè. Ìtàn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ìdí nìyẹn tó fi bà mí lẹ́rù.

Ṣìkẹ́mi Oyèkànmí lórúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bọ́ọ̀lù ló ń gbá jẹun. Òun ni agbábọ́ọ̀lù iwájú fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin kan ní Atlanta níbí, ẹgbẹ́ tí n kò ní dárúkọ. Nígbàkigbà tó bá ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, á kúnlẹ̀ lórí pápá, á di ojú, á na ìka méjèèjì sókè ọ̀run. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ọdún kan, pásítọ̀ wa pè é jáde, ó ní kí gbogbo ìjọ wo ọmọ tí kò fi Jésù ṣe ìtìjú. A pàtẹ́wọ́. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí.

A kò mọ̀ pé àdúrà kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu Ṣìkẹ́mi: kí góòlù ṣáà wọlé.

Ní oṣù kejì ọdún, kí sáà bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin kan dé sínú ẹgbẹ́ náà láti Nàìjíríà. Ìbùkúnolúwa lórúkọ rẹ̀, ọmọ ogún ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bíi ti ehoro. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní Stockbridge, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Clara Ọlágúnjú. Ṣìkẹ́mi fa ọmọ náà mọ́ra. Ọmọ náà ń pè é ní "Aunty mi", ó sì ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, àwọn òyìnbó á máa rẹ́rìn-ín.

Ìdánwò kan wà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù máa ń ṣe kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ àti àwòrán hàn án, á wá sọ èyí tó rántí. Máàkì tó bá gbà ni òṣùwọ̀n ọpọlọ rẹ̀. Bí orí rẹ̀ bá gbá nǹkan láàárín sáà, wọ́n á tún ìdánwò náà ṣe. Bí máàkì yìí bá kéré sí ti àkọ́kọ́, kò ní fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù títí ara rẹ̀ á fi yá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò náà, Ṣìkẹ́mi pe ọmọ yìí sí kọ̀rọ̀.

"Gbọ́ o. Má gbìyànjú rárá. Mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé díẹ̀, kí ọwọ́ ẹ sì falẹ̀."

"Ah, Aunty mi! Wọ́n á ní olódo ni mí."

"Jẹ́ kí wọ́n wí. Tí o bá gba máàkì kékeré lónìí, kódà lọ́jọ́ tí orí bá ń fọ́ ẹ, wàá ṣì pass. Wọn ò ní yọ ẹ́. Bí èmi náà ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Visa ẹ wà lórí bọ́ọ̀lù yìí, má gbàgbé o."

Ojú ọmọ náà fi hàn pé kò fẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé wa tí yóò wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ó ní rárá? "Yes, ma" ló sọ, ó sì wọlé lọ ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Sáà náà kọ́kọ́ le fún wọn. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́, mẹ́rin ni wọ́n pàdánù. Ìgbà tí Ìbùkúnolúwa rí ẹsẹ̀ tì lápá ọ̀tún ni nǹkan yí padà. Òun á sáré, á gbé bọ́ọ̀lù wá sí àárín, Ṣìkẹ́mi á gbá a wọlé, á kúnlẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì péré ló kù. Bí wọ́n bá borí nínú èyí tó kẹ́yìn, wọ́n á wọ ìpele kò-mẹsẹ̀-ó-yọ. Góòlù kan ṣoṣo ló sì kù kí Ṣìkẹ́mi ní góòlù ju gbogbo agbábọ́ọ̀lù ìdíje náà lọ.

Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ṣáájú ti ìkẹyìn, orí Ìbùkúnolúwa àti ti ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ kejì gbá ara wọn. Seth, ọkùnrin tó ń tọ́jú ara àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, tún ìdánwò ṣe fún un lọ́jọ́ kejì. Ọmọ náà yege. Kódà, máàkì rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Inú Seth dùn, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣe é.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Ṣìkẹ́mi ń fi mọ́tò gbé e lọ sílé. Ọmọ náà fi táwẹ̀lì bo ojú.

"Aunty mi, mò ń rí nǹkan ní méjì-méjì. Oòrùn yìí ń gún mi wọ ọpọlọ. Please, ṣé kí n sọ fún Seth?"

Ìwọ tó ń kàwé yìí, dúró díẹ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni ìbá gba ọmọ yẹn là: "Sọ fún un." Ṣìkẹ́mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ronú sí góòlù kan tó kù, ó sì tẹjú mọ́ títì.

"Ọjọ́ Sátidé nìkan ló kù. Ìwọ ṣáà fara dà á. Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́."

"Yes, ma."

Sátidé náà dé. Nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà ku bí ogún ìṣẹ́jú, Ìbùkúnolúwa fò sókè pẹ̀lú ẹnìkan, ó fi orí ta bọ́ọ̀lù sí Ṣìkẹ́mi, èjìká ẹnì kejì sì gbá a lágbárí. Ṣìkẹ́mi kò wẹ̀yìn. Ó gbá bọ́ọ̀lù náà wọlé. Ó kúnlẹ̀, ó di ojú, ó na ìka méjèèjì sókè.

Ariwo sọ. Lẹ́yìn náà ni ariwo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dákẹ́. Ó rò pé rẹfirí ti fagi lé góòlù òun ni, inú sì bí i. Ó lajú. Rẹfirí ń sáré lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ tó ń pè é ní Aunty mi wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń ta ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Wọ́n la agbárí rẹ̀ ní ọsibítù torí ọpọlọ rẹ̀ ti wú. Kò kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbéra mọ́, ohùn rẹ̀ sì lọ.

Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ pe Seth. Wọ́n ní báwo ló ṣe jẹ́ kí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ti fara pa padà sórí pápá? Ó fi èsì ìdánwò hàn wọ́n. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé kí àwọn wádìí, gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé lílé ló kù. Ṣìkẹ́mi wà níbẹ̀ tó ń wò ó, tó sì panu mọ́. Òun nìkan ló mọ òtítọ́, òun àti ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó lọ sí ọsibítù. Clara jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kò tíì bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì tó fi ṣe shift.

"Ó ti rẹ̀ mí, Ṣìkẹ́mi," ló wí. "Ìwọ gbàdúrà fún àbúrò ẹ lónìí."

Ṣìkẹ́mi di ojú bó ṣe máa ń dì í. "Bàbá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Yín..." Ó lajú, ó rí i pé Ìbùkúnolúwa ń wo òun.

"Aunty Clara, èmi ni. Èmi ni mo kọ́ ọ kó mọ̀ọ́mọ̀ fail test yẹn. Ó sọ fún mi ní Ọjọ́bọ̀ pé òun ń rí nǹkan ní méjì-méjì. Mo ní kó fara dà á."

Clara dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Mi ò lè dárí jì ẹ́ lónìí. Tí mo bá ní mo ti dárí jì ẹ́, irọ́ ni mo pa. Ṣùgbọ́n Jésù tí o máa ń nàka sí yẹn, irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí gan-an ló kú fún. Lọ bá A. Kì í ṣe ìkúnlẹ̀ ti TV o. Tí o bá sì ti bá A tán, lọ bá àwọn tó fẹ́ lé Seth."

Ṣìkẹ́mi sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tó gbé mọ́tò sí. Bó ṣe fẹ́ ṣílẹ̀kùn, ó fi í sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, lórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti dà sí. Kò nàka sókè. "Jésù, èmi ni mo ṣe é," ló ń wí. "Mo ta ọmọ ọlọ́mọ nítorí góòlù. Ṣàánú mi." Ẹnìkan tó ń dúró de àyè yẹn fọn fèrè mọ́tò rẹ̀ mọ́ ọn títí. Kò dìde.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn aláṣẹ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n fagi lé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kò gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje náà mọ́. Seth padà sẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ kì í dáhùn ìkíni rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà wọ ìpele kò-mẹsẹ̀-ó-yọ láìsí àwọn méjèèjì, ẹgbẹ́ mìíràn fi góòlù mẹ́rin nà wọ́n, sáà sì parí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ń ṣí kúrò ní ìjókòó tó bá wá sí. Èmi tí mo pàtẹ́wọ́ wà lára wọn. Kí Ọlọ́run foríjì mí.

Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Fairburn ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ó ń to páálí. Ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń lọ sí Stockbridge láti bá wọn na ọwọ́ ọmọ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni Clara kò fi ṣílẹ̀kùn fún un. Ìbùkúnolúwa kò tíì sọ̀rọ̀. Bí Ṣìkẹ́mi bá wọlé, ògiri ló máa ń kọjú sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò kọjú sí ògiri.

Mo bi Ṣìkẹ́mi pé ṣé kò kábàámọ̀ pé ó jẹ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "gbogbo ẹ̀ ló ti lọ. Ṣùgbọ́n mi ò sá fún Ọlọ́run mọ́."

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? O ní o kì í pànìyàn, o kì í jalè, o ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, o ń rántí àwọn ará ilé. Ta ló ní kí o fi ìyẹn wọn ara rẹ? Ìwọ lo mú òṣùwọ̀n kékeré, ìwọ náà lo ń yege nínú rẹ̀, ọpọlọ sì ń wú nínú agbárí. O mọ ohun tí o ṣe. O mọ ẹni tó ń jìyà rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Jésù tó láti wẹ̀ ọ́, àmọ́ kì í wẹ ohun tí a fi pamọ́ fún Un.

Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Bí o bá wà nínú ọkọ̀ ojú irin tí kò sí àyè, tẹ orí ba, kí o sọ fún Un pé, "Jésù, èmi ni mo ṣe é." Lẹ́yìn náà, lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀. Ṣe é lónìí. Má dúró de ọjọ́ Sátidé.