Ìdáhùn Kẹta ní Yàrá Oògùn

Àpótí náà ti lọ. Pẹpẹ irin tó wà ní yàrá oògùn tútù ṣófo, omi yìnyín nìkan ló kù lórí rẹ̀. Oògùn jẹjẹrẹ ló wà nínú àpótí ọ̀hún, odidi wọ́ọ̀dù kan ló sì ń dúró dè é.

Wọn kò já ilẹ̀kùn. Yàrá náà kò ní fèrèsé.

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà," ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ń pè ní Tọpinpin wí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo òṣùwọ̀n tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Òṣùwọ̀n yìí ni wọ́n fi ń ṣọ́ yàrá náà. Ẹni tó bá ń jáde á gbé ẹrù lé e, á fi káàdì kan ilẹ̀kùn, kọ̀ǹpútà á sì kọ káàdì àti ìwọ̀n ẹrù náà sínú àkọsílẹ̀ JSON, irú èyí tó ń gba nọ́ńbà àti lẹ́tà, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè pa rẹ́. Bí òṣùwọ̀n bá kú, ènìyàn lè fọwọ́ tẹ ìwọ̀n ẹrù rẹ̀ wọlé. Àpótí yẹn nìkan ló ju kílò márùn-ún lọ níbẹ̀.

Ìyá Oògùn, ìyá àgbà tó ń tọ́jú yàrá náà, jókòó sí kọ̀rọ̀, ọlọ́pàá dúró tì í. Òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ kì í sì í wọ inú àkọsílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àgọ́ ọlọ́pàá ni.

"Ọmọ mi, ṣé wọ́n á tì mí mọ́lé ní tòótọ́?"

"Ìyá, ẹ fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi ná."

Ó pe nọ́ọ̀sì. "Kí lẹ bá níbí láàárọ̀?"

"Iná orí òṣùwọ̀n ti kú. Mo ní bóyá iná ló lọ, àmọ́ fíríìjì ń kùn. Àṣé wọ́n ti yọ okùn rẹ̀ lára ògiri. Mo ki okùn náà bọ ògiri padà, mo wọn oògùn mi, mo jáde."

Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ aláìsàn kò tiẹ̀ dúró kí wọ́n bi í. "Ẹ má wò mí o! Ẹ tú ọkọ̀ mi dé ìdí táyà!"

"Mi ò fẹ̀sùn kàn yín. Kí lẹ rí?"

"Kí nọ́ọ̀sì tó dé, ilẹ̀kùn yẹn ṣí. Mi ò rí ẹni tó jáde, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ: kíìn! Káàdì ló ń dún báyẹn. Kọ́kọ́rọ́ kì í dún."

Tọpinpin lọ bá Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọ ìyá kan náà. Nígbà tí àwọn òbí wọn kú, òun ló tọ́ ọ, òun ló kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà. Òun náà ló ní kí wọ́n ránṣẹ́ pè é sídìí ọ̀rọ̀ yìí, orí Tọpinpin sì ti wú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bi ẹ̀rọ yín: ta ni ẹrù rẹ̀ ju kílò márùn-ún lọ?"

Ó tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni.

"Àwọn tí ẹrù wọn kò jù ú lọ ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì ló ṣáájú láàárọ̀ náà. Ẹ̀rọ ní ẹnikẹ́ni kò jáde kó tó dé.

"Àbúrò mi, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni, kò sí ẹ̀kẹta. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i. Jẹ́ kí wọ́n máa mú ìyá yẹn lọ."

Tọpinpin dúpẹ́, ó jáde. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Kò sí ẹ̀kẹta? Ta ló kọ́ òun pé ẹ̀kẹta wà? Ẹ̀gbọ́n kan náà yìí ni. "Bí o ò bá mọ̀, sọ pé o ò mọ̀. Má fi 'bẹ́ẹ̀ kọ́' bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀." Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe. Bí o bá ní kó fi lẹ́tà wé nọ́ńbà, á ní òun ò mọ̀. Bí o bá yí ìbéèrè náà sódì, kò mọ̀ náà ni. Kò sì ní pariwo. Á kàn fo àkọsílẹ̀ náà, torí àwọn tó bá dáhùn 'bẹ́ẹ̀ ni' sí nìkan ló ń kó jáde. Ẹ̀rọ gbọ́n, àmọ́ ẹni tó ń lò ó ló mọ ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ dé.

Ó gbàdúrà pé kí òun ṣì í. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yàrá oògùn, ó bi í léèrè: àkọsílẹ̀ wo ni a kò ti mọ̀ bóyá ẹrù náà ju kílò márùn-ún lọ?

Ẹyọ kan jáde. Níbi tó yẹ kí nọ́ńbà wà, lẹ́tà ni wọ́n kọ: "méjìlá". Káàdì Ẹ̀gbọ́n ni.

Ó ní kí wọ́n pè é wá, níṣojú Ìyá Oògùn àti ọlọ́pàá.

"Wọ́n jí káàdì mi ni," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

"Ṣé olè ọ̀hún náà ló kọ́ mi ní ìdáhùn kẹta? Ẹ yọ okùn òṣùwọ̀n, kí ẹ lè fọwọ́ tẹ ìwọ̀n. Ilẹ̀kùn kì í ṣí bí ẹ ò bá kọ nǹkan kan. Bí ẹ bá kọ nọ́ńbà ńlá, ẹ bọ́ sínú 'bẹ́ẹ̀ ni'. Bí ẹ bá kọ kékeré, ẹ bọ́ sínú 'bẹ́ẹ̀ kọ́', a ó sì bi yín pé kí ni ọ̀gá kọ̀ǹpútà ń wá nídìí oògùn. Ẹ wá fi lẹ́tà kọ ọ́, ẹ pòórá. Lẹ́yìn náà ẹ sọ fún mi pé kò sí ẹ̀kẹta."

Ẹ̀gbọ́n jókòó gbì. "Ọmọ kan tí mo kọ́ níṣẹ́ níbí ni wọ́n fẹ́ fi jẹ olórí lé mi lórí. Ilé ìwòsàn mìíràn ní kí n wá ṣe ọ̀gá lọ́dọ̀ àwọn, ṣùgbọ́n kí n má wá lọ́wọ́ òfo. Àpótí náà wà nínú fíríìjì ilé mi."

"Ìyá yìí ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n gbójú kúrò lára Ìyá Oògùn.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi lẹ ní kí wọ́n pè?"

"Mo mọ̀ pé ibi gbogbo lo máa wò, àfi ibi tí mo bá wà."

Omi lé ròrò sí Tọpinpin lójú. Bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Olè jíjà náà dùn ún, àmọ́ pé ìfẹ́ òun ni Ẹ̀gbọ́n fi ṣe ibi ìsápamọ́ ló gún un lọ́kàn.

Ọlọ́pàá dì í lọ́wọ́ mú. Lẹ́nu ọ̀nà, Ẹ̀gbọ́n yíjú padà. "Ṣé o ṣì ń kà mí sí ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Tọpinpin ti na ọwọ́ sí Ìyá Oògùn láti gbé e dìde.

"Mi ò mọ̀," ló wí.