Ebè Tí Ebi Ń Pa

"Ọ̀dàlẹ̀!" Ohùn Beya la àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ já. "Selwa, ìwọ lo ba ọgbà mi jẹ́!"

Selwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ki búrẹ́dì aláta bọnu ni. Ó gbé e mì láìrún un. "Èmi kẹ̀? Beya, ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà! Ta ló tún bá mi ṣẹ́ gègé? Ta la jọ ń du Tunis?"

Òótọ́ kúkú ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ni ìlú Gabes máa rán lọ sí ìdíje ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Tunis, Beya sì ti ń dágbére fún àwọn ará àdúgbò kí wọ́n tó yan ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ fi hàn pé eérú imọ̀ ọ̀pẹ dàbínù ń mú ẹ̀wà ga. Tíṣà Ferjani ti kìlọ̀ fún un: "Má fojú yan ebè, ojú a máa ṣègbè. Pín ọgbà sí ìlà. Ní ìlà kọ̀ọ̀kan, jẹ́ kí gègé sọ ebè tó máa jẹ eérú àti èyí tí kò ní jẹ nǹkan kan." Kóró dàbínù ni Beya àti Selwa fi ṣẹ́ gègé nínú fìlà pupa bàbá àgbà Beya. Èyí tí wọ́n fi làálì kùn, eérú nìyẹn.

Nígbà tó wọn ẹ̀wà tán, ó ro gíga àwọn eléérú pọ̀ lọ́tọ̀, ó ro ti àwọn yòókù lọ́tọ̀, ó pín ọ̀kọ̀ọ̀kan dọ́gba. Yéè! Àwọn tí kò jẹ nǹkan ló ga jù!

Kí ilẹ̀ ọjọ́ tí Beya pariwo ní àgbàlá yẹn tó ṣú, gbogbo kíláàsì ti sọ Selwa ní Eku Ọgbà. Kò sẹ́ni tó bá a jókòó mọ́. Ó lọ bá tíṣà, ó ní òun yọwọ́ nínú ìdíje.

Ìgbà yẹn ni Tíṣà Ferjani tẹ̀ lé Beya délé. "Má rò ó pọ̀ mọ́. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni kó o wò. Ti ìdí ògiri lẹ́yìn lọ́hùn-ún, èwo ló ga?"

"Èyí tó jẹ eérú, sà."

"Ti àárín ńkọ́?"

"Eérú náà ni."

"Ti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná?"

"Àwọn tí kò jẹ nǹkan. Wọ́n ga bí ọrùn ràkúnmí."

"Ibo ni Selwa ìbá gbà wọlé?"

"Ògiri ẹ̀yìn. Ajá wà níwájú."

"Olè wá fo ìlà tó kọ́kọ́ kàn, ó lọ ń jalè lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná?"

Kí Beya tó fèsì, ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá àgbà Beya yọ, kẹ́tùlù tíì lọ́wọ́ kan, garawa ìgbẹ́ ewúrẹ́ lọ́wọ́ kejì. Ó fo ebè eléérú, ó da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tíì àti ìgbẹ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e.

"Ìyá àgbà! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń bọ́ àwọn òtòṣì yìí ni! O bọ́ àwọn kan, o ní kí àwọn kan máa wòran. Nínú ilé tèmi? Kí àlejò kan máa jẹ kuskus, kí èkejì máa gbé itọ́ mì? Ebi ń pa wọ́n! Orúnkún yìí ni kò jẹ́ n dé àárín àti ìdí ògiri."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí gíláàsì ojú rẹ̀ fi bọ́ sínú ìgbẹ́. Beya ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Beya dé ilé Selwa, Selwa kò ní kó wọlé wá mu tíì. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Ìyá àgbà ló ṣe é," ni Beya wí.

"O bá ẹ̀wà ṣẹ́ gègé kó o má baà ṣègbè. Èmi ńkọ́, Beya? Ojú lo fi yàn mí."

Lọ́jọ́ kejì, Beya dúró ní àgbàlá yẹn kan náà, ó fi ohùn yẹn kan náà kéde pé òun purọ́ mọ́ ọ̀rẹ́ òun. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Selwa kò pàtẹ́wọ́. Ó gbé búrẹ́dì rẹ̀, ó lọ jókòó síbòmíràn. Ọmọkùnrin kan tó ń fi orin dán adìyẹ wò ló wọ reluwé lọ sí Tunis.

Àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Beya kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan kó tó dá a. Ẹ̀yin ọmọ, bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ wo gbogbo ìlà kí ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀wà tó bàjẹ́, a lè tún un gbìn. Ẹyin lọ̀rọ̀.